Agolo Ìyẹ̀fun àti Àwo Ẹ̀wà: Ọ̀rọ̀ lórí Ìfun Ẹni tí Ó Ń Gba Ìtọ́jú Ìtànṣán

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ó wà ní Adó-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kan ìfun, ó sì kan oúnjẹ. Ó kan owó pẹ̀lú, nítorí pé nígbà tí àìsàn ńlá bá wọ ilé, owó ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń wá ìrètí kiri, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n rà ni ó ń ṣe wọ́n ní àǹfààní.

Àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ó ń pa obìnrin jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ó bá ti tàn kọjá ibi tí ọ̀bẹ oníṣẹ́-abẹ lè gbà á kúrò, ìtànṣán ni àwọn oníṣègùn fi ń bá a jà, wọn a sì fi oògùn kún un. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ó ń ti Adó, Ìkéré, Ìyìn, Ìgèdè àti Ifàkì lọ gba ìtọ́jú yìí ni ó máa ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní 1957. Àwọn mìíràn a gba ọ̀nà Èkó, níbi tí a ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan sínú ọgbà LUTH ní 2019. Ìtọ́jú náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Bí ó ti sábà máa ń rí, ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ ni aláìsàn ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, títí ọ̀sẹ̀ márùn-ún yóò fi kọjá, tí ìgbà tí ó dùbúlẹ̀ yóò sì fi tó 25. Wọn a tún fi ohun èlò onítànṣán sínú ara rẹ̀, kí ó lè sún mọ́ ojú ibi tí àrùn wà gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni ìfun a bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Inú a máa run, ìgbẹ́ gbuuru a dé, oúnjẹ kò ní wu aláìsàn jẹ mọ́, ara a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìgbà yìí ni ìmọ̀ràn máa ń pọ̀. Ẹnìkan nínú ẹbí yóò wí pé iná ẹ̀rọ ti ń jó ìfun rẹ̀, kí ó má ṣe padà síbẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn yóò gbé agolo ìyẹ̀fun kan dé, tí a kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé amínò ásíìdì ni ó wà nínú rẹ̀, yóò sì búra pé bí aláìsàn bá ń po ó mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ìfun rẹ̀ yóò padà bọ̀ sípò. Owó agolo bẹ́ẹ̀ kì í kéré. Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀? Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, apá kejì kò sì tíì ní ẹ̀rí tí ó tó. Ìdàpọ̀ méjèèjì yìí ni ó fi ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́, ó sì yẹ kí á tú u palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ní 1895 ni Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán tí ó lè la ẹran ara kọjá, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí ẹ́síréè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1897, tí David Walsh, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé ìtànṣán yìí lè pa ohun tí ó wà nínú ikùn lára. Ọdún méjì péré ni ó wà láàrin ìdùnnú àti ìkìlọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ìfun wà lára àwọn ẹ̀yà ara tí kò lè fara da ìtànṣán fún ìgbà pípẹ́, a sì ti mọ ìdí rẹ̀ dáradára.

Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bí mítà mẹ́fà. Inú rẹ̀ kò dán bí inú páìpù omi. Ó kún fún ohun wẹ́wẹ́ tí ó yọ sókè bí ìka ọwọ́, tí ó pọ̀ lọ jàra, tí ó sì sún mọ́ ara wọn bí irun ara aṣọ olówùú. Ní ìdí àwọn ìka wọ̀nyí ni àwọn kòtò tóóró-tóóró wà. Inú àwọn kòtò náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá ń gbé, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń bímọ. Àwọn ọmọ náà ń gun ìka lọ sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gba oúnjẹ àti omi wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n bá dé ṣóńṣó orí ìka, wọn a re bọ́, wọn a bá ìgbẹ́ lọ. Gbogbo ìrìn àjò náà kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Èyí já sí pé awọ inú ìfun tí ènìyàn fi gba iyán ọjọ́ Sátidé kọ́ ni yóò fi gba ti Sátidé tí ó ń bọ̀.

Ohunkóhun tí ó bá ń bí sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ara ni ìtànṣán máa ń pa jù lọ. Nítorí èyí gan-an ni a ṣe ń fi í bá jẹjẹrẹ jà, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi ọmọ bíbí. Ṣùgbọ́n ìtànṣán kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọmọ ilé. Àwọn oníṣègùn a máa darí rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra sí ibi tí àrùn wà. Síbẹ̀, ìfun kò jìnnà sí ilé-ọmọ, apá kan nínú rẹ̀ kò sì lè ṣe kí ó má rí nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá inú kòtò bá kú, tàbí tí wọ́n bá dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, àwọn tí ó wà lórí ìka ń re bọ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ó wá dà bí ìlú tí àwọn àgbà ń kú níbẹ̀, tí a kò sì gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Ìka á kúrú, awọ á fẹ́lẹ́, omi tí ó yẹ kí ìfun fà mu á máa ṣàn kọjá lọ, oúnjẹ á máa lọ láìjẹ́ pé ara rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Bí ìpalára náà bá pọ̀ jù, kòkòrò tí ó yẹ kí ó dúró sínú ìgbẹ́ lè ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ìròyìn rere tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé gbogbo àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá kì í kú tán. Nítorí wọn ni a ṣe pín ìtànṣán sí wẹ́wẹ́, tí a sì fi ń sinmi ní ìparí ọ̀sẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí, àwọn tí ó kù a tún ilé kọ́, ìgbẹ́ gbuuru a sì dáwọ́ dúró fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn.

Kí ni wọ́n fi ń tún ilé náà kọ́? Purotéènì ni, èròjà inú oúnjẹ tí ń mọ ẹran ara. Bí a bá tú purotéènì palẹ̀, amínò ásíìdì ni a ó bá nínú rẹ̀, bí a ti í bá búlọ́ọ̀kù nínú ògiri. Oríṣi 20 ni ara ń lò láti mọ purotéènì tirẹ̀. Àgbàlagbà lè fúnra rẹ̀ ṣe púpọ̀ nínú wọn láti inú ohun mìíràn, ṣùgbọ́n oríṣi 9 wà tí kò sí ọ̀nà tí a fi lè rí wọn bí kò ṣe láti inú oúnjẹ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yìí bá wọ́n, iṣẹ́ á falẹ̀, bí èyí tí ó kù tilẹ̀ pọ̀ bí erùpẹ̀. Ẹ̀wà ní ọ̀kan tí a ń pè ní lysine lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n methionine rẹ̀ kò pọ̀. Ti àgbàdo sì yàtọ̀: lysine ni ó wọ́n nínú rẹ̀, methionine rẹ̀ sì sàn ju ti ẹ̀wà lọ. Ẹni tí ó bá fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ ti mú kí ọ̀kan dí àléébù èkejì. Àwọn ìyá wa tí ó ń ta oúnjẹ méjèèjì pọ̀ láàárọ̀ ti ń ṣe èyí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ amínò ásíìdì ní ilẹ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ọmọ Èkìtì kan wà lára àwọn tí ó fi han gbogbo ayé pé àìtó amínò ásíìdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí a bí ní 1935, tí ó sì jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ àrùn iṣan àti ọpọlọ ní Ìbàdàn títí di ìgbà tí ó kú ní 1995. Ní àwọn ọdún 1960, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ àìsàn kan láàrin àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ olórí oúnjẹ wọn. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn náà a máa ta wọ́n bí iná tàbí kí ó kú, wọn a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ojú àwọn mìíràn a sì di bàìbàì, etí wọn a sì di. Ọ̀ṣúntòkun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ní 1968 ni ìwé wọn jáde nílẹ̀ òkèèrè. Ohun tí wọ́n rí ni pé májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáradára ń wọ ara àwọn ènìyàn yìí lójoojúmọ́. Irú àwọn amínò ásíìdì tí ó ní imí-ọjọ́ nínú ni ara sì fi ń sọ májèlé náà di aláìlágbára, àwọn wọ̀nyí gan-an ni ó sì wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, nítorí pé ẹran, ẹja àti ẹyin kò sí nínú oúnjẹ wọn tó. Àwọn onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ ni ó fa àìsàn náà lóòótọ́, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sì dára nínú ìmọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni a kò ti lè wí pé ohun tí a fi jẹ òkèlè kò ju adùn ọ̀fun lọ.

Nígbà tí ó wá jẹ́ pé amínò ásíìdì ni a fi ń mọ ara, ó bọ́gbọ́n mu pé kí àwọn onímọ̀ bi ara wọn bóyá fífún aláìsàn ní àfikún rẹ̀ lè mú kí ìfun tètè sàn. Ọ̀kan tí ojú wọn kọ́kọ́ lọ sí ni glutamine. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti rí i lára eku pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun kékeré ń lo glutamine bí iná ṣe ń lo igi ìdáná. Wọ́n rò pé bí igi bá pọ̀, iná á jó dáradára. Wọ́n fún àwọn ẹranko tí ìtànṣán ti pa lára ní glutamine, púpọ̀ nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sì so èso tí ó wuni. Láti ibẹ̀ ni òkìkí agolo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Wọ́n wá dán an wò lára ènìyàn. Ní 2003, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn aláìsàn 129 tí ó ń gba ìtànṣán sí ìsàlẹ̀ ikùn. Wọ́n fún apá kan ní glutamine, gíráàmù 4 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n fún apá kejì ní ìyẹ̀fun tí kò ní oògùn kankan nínú, láìjẹ́ pé aláìsàn tàbí dókítà mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ ta ni. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé náà wò ní ìparí, ìgbẹ́ gbuuru apá kìíní kò dín ju ti apá kejì lọ. Àwọn ìdánwò mìíràn tẹ̀lé e, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn ní Yúróòpù kọ ìlànà wọn jáde ní 2017, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti fi gba ẹni tí ó ń gba ìtànṣán níyànjú pé kí ó lo glutamine nítorí ìfun rẹ̀.

Ìtàn kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ni, ìmọ̀ inú rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Gbogbo òbí tí ó ti tọ́jú ọmọ tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru ni ó mọ ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò sínú omi. Ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ìfun ní ẹnu-ọ̀nà kan tí ṣúgà glúkóòsì àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé, omi a sì tẹ̀lé wọn. Ní Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà, Sadasivan Vidyasagar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára eku pé lẹ́yìn tí ìtànṣán bá ti pa ìfun lára, ẹnu-ọ̀nà glúkóòsì yìí kì í ṣí dáradára mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹnu-ọ̀nà tí oríṣi àwọn amínò ásíìdì kan ń gbà ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n yọ glúkóòsì kúrò nínú omi náà, wọ́n sì fi àkópọ̀ amínò ásíìdì tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà rọ́pò rẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 sọ pé ìfun àwọn eku tí ó mu ún sàn ju ti àwọn tí kò mu ún lọ. Ìyẹn dára púpọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé lọ́jọ́ kan, irú omi bẹ́ẹ̀ yóò wà ní gbogbo ilé ìwòsàn tí a ti ń fi ìtànṣán wo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n eku ni eku ń jẹ́. Ọ̀nà jìn láti inú àgò eku dé orí bẹ́ẹ̀dì ìyá ènìyàn, glutamine náà sì ti gba ọ̀nà yìí rí tí kò dé ibi tí a ń retí. Ohun tí a ṣà lẹ́ṣà ní Florida kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìyẹ̀fun tí àwọn tí ń gbé irin ń pò mu kí apá wọn lè tóbi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni a kọ sí ara méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tìtorí ìtàn eku kọ omi ORS. Ẹni tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tí ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń dín, omi yìí ni ó ṣì yẹ kí a kọ́kọ́ fún un, kí a pò ó gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Nígbà tí agolo kò tíì ní ẹ̀rí, ojú a padà sórí àwo oúnjẹ. Ìlànà ti 2017 tí a mẹ́nu kàn yẹn sọ pé kí ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ jẹ purotéènì tí ó ju gíráàmù 1 lọ lójúmọ́ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ó tó gíráàmù 1.5. Obìnrin tí ó wọn kìlógíráàmù 60 yóò nílò gíráàmù 60 sí 90. Ẹyin adìyẹ kan ń mú nǹkan bí gíráàmù 6 wá. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, ó ju 20 lọ. Ṣùgbọ́n gíráàmù 100 iṣu kò ní ju nǹkan bí gíráàmù 1.5 lọ, ti ẹ̀gẹ́ kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ó ti yẹ kí àwa ará Èkìtì fetí sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ará Adó má jẹ iyán, ẹni tí ó bá dá irú àbá bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí ó wà. Àmọ́ iyán ńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹran rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ ń fún aláìsàn ní agbára, kò fún un ní búlọ́ọ̀kù. Kí a dín òkèlè kù, kí a fi ẹja àti ẹ̀gúsí kún ọbẹ̀, kí a sì fi mọ́ínmọ́ín ṣe oúnjẹ àárọ̀. Mọ́ínmọ́ín sàn fún ìfun tí ó ń ṣàìsàn ju àkàrà lọ, nítorí pé òróró tí ó pọ̀ a máa mú kí ìgbẹ́ gbuuru le sí i. Ìyẹ̀fun sóyà tí a pò mọ́ ògì jẹ́ ohun tí ó rọrùn láti gbé mì fún ẹni tí oúnjẹ kò wù. Kí a fi oúnjẹ fún aláìsàn ní díẹ̀díẹ̀, nígbà mẹ́fà lójúmọ́, dípò àwo ńlá mẹ́ta tí yóò máa wò tí kò ní lè jẹ tán.

Mílíìkì ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ìfun tí ìtànṣán ti pa lára kì í fi bẹ́ẹ̀ lè lọ ṣúgà inú rẹ̀ mọ́, inú a sì máa kùn. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń sè dín ṣúgà yìí kù, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó sì lè jẹ ẹ́ láìsí wàhálà.

Lórí ẹ̀fọ́ àti èso, ìmọ̀ràn àtijọ́ ni pé kí aláìsàn yẹra fún ohun tí ó ní okun wẹ́wẹ́ nínú. Ní 2017, ilé ìwòsàn Royal Marsden ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìdánwò kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 166 tí ó ń gba ìtànṣán sí ìsàlẹ̀ ikùn. Àwọn tí wọ́n ní kí ó fi irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kún èyí tí wọ́n ń jẹ ni ìfun wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, àǹfààní náà sì hàn lára wọn di ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú. Nítorí náà, kò sí ìdí tí a ó fi gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ aláìsàn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá wá le, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ èyí tí yóò dín kù àti fún ìgbà wo.

Ẹnìkan wà tí kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú purotéènì pọ̀ sí i, yálà láti inú agolo tàbí láti inú ìkòkò. Òun ni ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáradára. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ a máa dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín nígbà mìíràn, láìjẹ́ pé obìnrin náà mọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi í hàn. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi burú kí ẹni tí ń ta ọjà sọ ara rẹ̀ di dókítà.

Ó ku àgbo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbo tí a ń sè fún inú ni ó ń ti ìgbẹ́ jáde, ìfun tí ó ti ń ṣí sílẹ̀ kò sì nílò ẹni tí yóò tún tì í. Kí aláìsàn sọ fún àwọn dókítà rẹ̀ nípa gbogbo ohun tí ó bá ń mu, kí wọ́n sì gbọ́ ọ láìbínú, nítorí pé ẹni tí a bá nà lẹ́gba ọ̀rọ̀ kì í sọ òótọ́ mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Èyí tí ó léwu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí obìnrin fi ìtọ́jú sílẹ̀ ní ìdajì nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn oníṣègùn fẹ́ kí gbogbo ìtọ́jú ìtànṣán fún jẹjẹrẹ yìí parí láàrin ọ̀sẹ̀ 8. Bí ó bá falẹ̀ kọjá ìyẹn, agbára rẹ̀ láti ṣẹ́gun àrùn a máa dín kù, nítorí pé bí ìfun ṣe ń lo àyè ìsinmi láti tún ara rẹ̀ ṣe ni jẹjẹrẹ náà ń lò ó. Oògùn wà tí ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, dókítà a sì kọ ọ́ fún un. Bí ó bá sì di dandan kí a sinmi, àwọn tí ó mọ ìwọ̀n ìtànṣán náà ni yóò sọ iye ọjọ́ tí ó yẹ, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ. Kí a tètè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ wa, ìbáà ṣe ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ ní Adó tàbí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ó bá ń bì tí omi kò dúró nínú rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú nígbà tí ó bá dìde dúró.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà sọ fún àwọn tí ó ti parí ìtọ́jú, tí wọ́n sì ti padà sílé. Lára àwọn díẹ̀, ìpalára ìfun a máa fara hàn ní oṣù púpọ̀ tàbí ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn òpójẹ̀ kéékèèké inú awọ ìfun a ti bàjẹ́, awọ náà a ti le, ẹ̀jẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ìdí. Ní ilẹ̀ wa, orúkọ tí yóò kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni jẹ̀díjẹ̀dí, àgbo jẹ̀dí ni a ó sì rà, a ó máa mu ún fún oṣù púpọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Nígbà mìíràn sì ni ìfun a dín, tí inú a máa wú lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí kí ara má lè gba fítámì B12 dáradára mọ́, tí àìlera yóò fi dé láìmọ ibi tí ó ti wá. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ní ìtọ́jú tirẹ̀, bí dókítà bá mọ orísun wọn. Kò sì lè mọ̀ ọ́n bí a kò bá sọ fún un. Kí obìnrin tí ó ti gba ìtànṣán rí fi ìwé ìtọ́jú rẹ̀ pamọ́ síbi tí ọmọ rẹ̀ náà mọ̀, kí ó sì máa sọ ọ́ fún gbogbo dókítà tí ó bá lọ bá, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, pé wọ́n ti fi ìtànṣán wo òun rí, ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti ọdún tí wọ́n ṣe é.